Aṣọ Tí Mo Fi Dí Imú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ní aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí bàbá mi ṣì ń gbàdúrà ní yàrá rẹ̀, mo ṣí iwájú ọkọ̀ rẹ̀, mo sì ki aṣọ bọ ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Mo fi ìka tì í wọlé dáadáa. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Láti kékeré ni mo ti máa ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú nígbà tó bá ń tún ọkọ̀ ṣe, nínú àwa ọmọ mẹ́ta tó bí, èmi nìkan ni mo sì ní sùúrù láti dúró tì í títí. Ẹ̀kọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ mi ni mo fi dojú kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Olùkọ́ ni bàbá mi, ó ti fẹ̀yìn tì, Bantè ló sì ń gbé. Ọ̀dọ̀ àwọn fadá ló ti kàwé, ohun méjì ló sì mú bọ̀ níbẹ̀ tí kò jù sílẹ̀ dòní: àdúrà ìdájí àti ọ̀wọ̀ fún ìwé ìjọba. Àtọ̀gbẹ ló gba ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà ti parí nìyẹn, àfi òun. Kò pẹ́ tó ti ilé ìwòsàn dé tó fi ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń jó irin nítòsí ọjà. Àwọn méjèèjì jókòó ti ọkọ̀ náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń wọn nǹkan, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń jó irin. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, irin gbọọrọ kan ti yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí ọkọ̀. Bó bá tì í síwájú, bíréèkì ló ń mú. Bó bá fà á mọ́ra, iná ló ń fún ọkọ̀, ọkọ̀ á sì sáré. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì bíi tàtẹ̀yìnwá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì di ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Bàṣé ni ọkọ̀ náà, ìyẹn ọkọ̀ ẹlẹ́yìn gbalaja tí a ń fi tapólì bò. Ohun tó ń fi í ṣe ni pé ó ń gbé e lọ sóko. Oko kajú rẹ̀ wà lápá Atokoligbé, òun àti ìyá wa tó ti dolóògbé ló gbin igi ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alùpùpù ni àwọn èèyàn ń gùn lọ síbẹ̀, kò sì lè gun alùpùpù mọ́. Láìsí bàṣé yẹn, ilẹ̀ ilé rẹ̀ ni yóò máa jókòó sí, tí yóò máa gbọ́ ìròyìn oko lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà kan, nígbà tó yẹ kó ti irin náà síwájú, ó fà á mọ́ra. Ọkọ̀ sáré wọ inú tábìlì obìnrin kan tó ń ta gaàrí. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti kí ẹnìkan lódìkejì ọ̀nà ni. Gaàrí dànù, tábìlì fọ́, kò sẹ́ni tó farapa. Bàbá mi tọrọ àforíjì, ó tún tábìlì ṣe, ó sì padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, oko ló tún wà lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Cotonou, àbúrò mi obìnrin ní Parakou, èmi ń kọ́ ọmọ ní Savalou. Lórí fóònù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò pé Baba gbọ́dọ̀ jáwọ́. Nígbà tó wá kan ẹni tí yóò sọ fún un, oníkálukú ń tì í sí ẹnìkejì. Nílé wa, a kì í wo ojú bàbá ká sọ pé apá rẹ̀ kò ká nǹkan mọ́. Àbúrò mi ní kí a sọ fún àlùfáà. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, pé ohun kan wà tó lágbára ju àlùfáà lọ. Fisíìtì ọkọ̀ náà, ìyẹn àyẹ̀wò tí ìjọba ń ṣe fún ọkọ̀, ti fẹ́ parí. Ó ní bí àwọn tó ń ṣe é bá ti rí irin yẹn, wọn kò ní gbà á, bí ìwé ìjọba bá sì ti sọ pé rárá, Baba yóò gbà láìjiyàn. Èrò náà dùn mọ́ wa. Ẹrù tí àwa ọmọ kò lè gbé, a fẹ́ gbé e lé orí ẹni ẹlẹ́ni.

Èmi tí n kì í fi nǹkan sílẹ̀ fún oríire, mo ní bí wọ́n bá wá gbà á ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa mọ́tò. Ṣe ohun tó bá yẹ." Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi fi tẹrú jẹ́ ẹ pátápátá, mo tún fi kún un. Mo wá sùn sí Bantè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ní mo fẹ́ bá Baba lọ, inú rẹ̀ sì dùn. Aṣọ náà wà nínú àpò mi.

Ó jáde wá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti fi pínnì mú ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó ṣófo sókè, ó fi ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn àga, ó sì ṣí ọkọ̀. A kò tíì jáde ní Bantè tó ti tẹ́tí sílẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí kò mí dáadáa."

"Bóyá dísẹ́lì ni, Baba."

"Dísẹ́lì wo? Ibi tí mo ti ń rà á náà ni mo ti rà á."

Mo kọjú sí fèrèsé. Bó bá dúró tó ṣí iwájú ọkọ̀, mo gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá ibi tí yóò dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì sọ pé kí a kọ́kọ́ dé Savalou kí èrò tó pọ̀. Ó gbọ́ tèmi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn nígbà tí mo rò ó lẹ́yìn, bó ṣe ń gbọ́ tèmi.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú wa tó di òwú dé òkè, ó ń rá pálá. Bàbá mi wo ọ̀nà, kò sí ohun tó ń bọ̀, ó yà sósì láti kọjá. A dé ìdajì akẹ́rù náà, ọkọ̀ wa kò lágbára mọ́. Ó fa irin náà mọ́ra títí ó fi kan itan rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kàn ń kérora ni. Bọ́ọ̀sì kan yọ níwájú, ó ń ṣẹ́ iná sí wa. Mo rí i kedere, mo rí ojú dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Ó wà lẹ́nu mi láti pariwo pé aṣọ ni, Baba, aṣọ ni, ahọ́n mi kò gbé e.

Bàbá mi kò jáfara. Ó ti irin náà síwájú, ó jù ú sílẹ̀, ó yí jíà, ó tún dì í mú, ó sì fà wá padà sẹ́yìn akẹ́rù náà. Bọ́ọ̀sì kọjá pẹ̀lú fèrè tó ń dún títí. Gbogbo ẹ̀yìn mi ti tutù fún òógùn.

"Má bẹ̀rù," ó ní. "Ọkọ̀ ló kọ̀, èmi kọ́."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. N kò sọ. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí irin yẹn, mo sì ń bi ara mi léèrè bóyá irú ọwọ́ yìí ni a ní kó máà ríṣẹ́ ṣe mọ́. Ìtìjú bò mí. Síbẹ̀ tábìlì gaàrí náà kò kúrò lójú mi. Bó bá jẹ́ pé obìnrin yẹn jókòó síbẹ̀ ńkọ́?

Pápá gbalasa ni ibi àyẹ̀wò náà ní Savalou. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kó ẹ̀rọ wọn wá, ọkọ̀ sì ti tò lọ bẹẹrẹ. Lórí ìlà níbẹ̀, ẹ̀rọ panápaná tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kó tó yege, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú èkejì. Bí ti ẹni tó wà níwájú bá ti yege, á na án sẹ́yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń yá ara wọn ní àpótí oògùn, tí wọ́n ń yá ara wọn ní irin onígun mẹ́ta pupa tí a ń gbé sójú ọ̀nà bí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Ọkùnrin kan na panápaná náà sí bàbá mi.

"Mo ní tèmi," Baba dá a lóhùn. Ó wá kọjú sí mi. "Ìwé ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò kọ ìdánwò. Ìwọ náà ò ní gbà kí ọmọ kíláàsì rẹ ṣe bẹ́ẹ̀."

"N ò ní gbà, Baba."

Nígbà tó kàn wá, òṣìṣẹ́ náà, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, fi Faransé béèrè ìwé. Ó rí irin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó wo pínnì tó wà lára ṣòkòtò bàbá mi, ó bọ́ sínú Yorùbá.

"Papa, ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde, ó di irin náà mú, ó mì í jìgìjìgì, ó fi iná yẹ ibi tí wọ́n jó pọ̀ wò. Ó ní kí Baba wà á lọ, kí ó dúró. Ó wà á, ó dúró. Ó ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹta, òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dúró síwájú ọkọ̀ kó tó sọ pé dúró, ọkọ̀ sì dúró gbagidi. Bàbá mi ń fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó làágùn níwájú ẹni tó kéré sí i rí.

"Bíréèkì yín dára ju ti ọ̀pọ̀ tó wà lórí ìlà yìí lọ," òṣìṣẹ́ náà sọ. "Ìwé mi ò béèrè bóyá ọwọ́ ni tàbí ẹsẹ̀."

Ètò ẹ̀gbọ́n mi kú síbẹ̀. Ó wá ku aṣọ mi nìkan.

Òṣìṣẹ́ náà ti ọ̀pá ẹ̀rọ kan bọ páìpù èéfín, ó sì ní kí Baba fún ọkọ̀ ní iná dé òpin. Baba fa irin náà mọ́ra. Èéfín dúdú tú jáde, ó bo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bo òṣìṣẹ́ náà, àwọn tó wà lórí ìlà fọwọ́ bo imú. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó ń dúdú sí i ni. Òṣìṣẹ́ náà ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó mi orí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bàbá mi gba ìwé náà. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún padà sókè. Mo dúró de ayọ̀, ayọ̀ kò wá. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé Baba ti fìdí rẹmi. Kíá ló fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́ padà, bí ẹni tí àdúrà rẹ̀ gbà.

"Baba, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé kẹ̀? Ó ní kí n tún un ṣe kí n padà wá kó tó di aago márùn-ún. Alẹ́ yìí ni wọ́n ń kẹ́rù wọn lọ síbòmíràn." Ó ká ìwé náà sí àpò. "Ẹni tó bá gba òdo, ṣé ilé ló ń lọ ni?"

Ó mọ mẹkaníìkì kan lábẹ́ igi máńgòrò, ará Savalou, ọmọ Máhì. Èdè Máhì ni wọ́n sọ láàárín ara wọn, bàbá mi gbọ́ ọ dáadáa, èmi náà gbọ́ ọ tó láti fi rajà kí wọ́n má rẹ́ mi jẹ. Mo gbọ́ nígbà tí ọkùnrin náà ní kí Baba tún fún un ní iná. Mo gbọ́ nígbà tó ní ọ̀rọ̀ kò sí nínú dísẹ́lì, afẹ́fẹ́ ni kò wọlé. Mo ní mo fẹ́ lọ ra omi. Mo tún dúró síbẹ̀. Ọkùnrin náà tú bóòtù àkọ́kọ́, ó tú èkejì, ó ki ọwọ́ bọ ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Aṣọ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ara ìró mi àtijọ́ ni mo ti gé e, ní kíláàsì ni mo ti ń fi í nu pátákó. N kò rántí gbọ̀n ọ́n. Ẹfun ìkọ̀wé dà sílẹ̀ lára rẹ̀, ó funfun sí ọwọ́ mẹkaníìkì tí epo ti sọ di dúdú. Àwa olùkọ́ méjì ló dúró níbẹ̀, ọ̀kan nínú wa kò sì fọwọ́ kan pátákó mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Mẹkaníìkì náà yí aṣọ náà síwá sẹ́yìn. Ó béèrè ẹni tó lè ṣe irú èyí sí ọkọ̀ ẹni.

Bàbá mi na ọwọ́, ó gba aṣọ náà. Ó fi àtàǹpàkò ra ẹfun ara rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó sì fi í sí àpò, níbi tí ìwé wà.

"Eku ni," ó sọ ní Máhì. "Eku pọ̀ nílé mi."

Mẹkaníìkì náà wò ó, ó wá wo èmi. "Eku ńlá ni," ó ní, ó sì dé nǹkan rẹ̀ padà.

Ilẹ̀ ì bá la ẹnu, ǹ bá wọlé. Bó bá bú mi níwájú ọkùnrin yẹn, ì bá sàn fún mi. Àmọ́ kò jẹ́ kí ará ìta rí ìhòòhò ilé rẹ̀, kò sì wo ojú mi títí a fi padà sí pápá. Èéfín tó jáde nígbà kejì kò ju ti ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ náà lẹ ìwé mọ́ gíláàsì, ó bọ bàbá mi lọ́wọ́, ó ní, "Papa, ẹ yege." Baba dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó gbé mi dé iwájú ilé mi, kò sì pa ọkọ̀.

"Ta ló rán ọ?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, Baba."

"Nítorí tábìlì gaàrí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Aṣọ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá láàárọ̀."

"Mo mọ̀, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Mo fẹ́ kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí àyè. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n fi í sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Cotonou, n ò bi í. Ìwọ ni mò ń bi. Kí lo fẹ́?"

Mo wo irin náà. "Ẹ̀rù ń bà mí, Baba. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan ẹ máa pa èèyàn, tàbí kí ẹ pa ara yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wà á mọ́."

Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí láyé mi. Mo ń retí kí ó bínú. Ó mi orí, ó ṣe é bíi pé ó ń gbọ́ ìdáhùn ọmọ tó ti pẹ́ kó tó dáhùn.

"Ó yé mi," ó ní. "Ṣé o rí i pé sísọ ọ́ kò gba aṣọ?"

Mo ń sunkún nígbà náà, n kò fi bò.

"Ta ni yóò máa gbé mi lọ oko?"

"Àwa ni, Baba. A máa pín in láàárín ara wa. Mo ṣèlérí."

"Ó dára."

Mo ní kí n bá a dé Bantè, ó kọ̀. Ó ní mo ní kíláàsì lọ́la. Ó ní, "Jẹ́ kí n wa èyí tó kù yìí nìkan." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n kò fi gbọ́ ìró ọkọ̀ náà mọ́. N kò jẹun, n kò bọ́ bàtà, mo gbé fóònù lé itan. Nígbà tó pè, gbólóhùn mẹ́ta ló sọ: "Mo ti dé. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì. Ẹ máa wá wà á."

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó pe ọkùnrin tó jó irin, ó ní kó tú u kúrò, kí àwa lè rí ibi tẹsẹ̀ bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe ètò sórí fóònù, ó pín Sátidé fún wa, ó dára lójú. Àbúrò mi bímọ, òun kò lè wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọ̀nà oko ń ba bàtà òun jẹ́. Èmi tó súnmọ́ ọn jù, tí mo fi ẹnu ara mi ṣèlérí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti gbé e lọ, ìwé fisíìtì tó wà lára gíláàsì sì ti fẹ́ parí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pè mí. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè iṣẹ́, ó wá béèrè bóyá màá lè wá ní Sátidé.

"Sátidé yìí ò ní ṣeé ṣe, Baba. A ní ìpàdé àwọn òbí. Ẹ jẹ́ kó di ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kò burú." Ó tún fi kún un: "Kajú ti ń jábọ́. Wọ́n ní àwọn èèyàn ti ń wọlé ṣà á."

Mo ní n óò rí i ṣe. Ó ní ó dára, ó kí ọkọ mi, ó sì pa fóònù. Kò sí ìpàdé òbí kankan ní Sátidé yẹn. Ó rẹ̀ mí lásán ni.